Ìrìn-àjò Èkó Tí Yèyé Mi Kò Bá Wa Bọ̀

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká tí òmíràn kò tíì hù, wọ́n mú mi lọ gbafẹ́ ní Èkó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fojú kan òkun nínú ìdílé yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wálé ọdún lẹ ń bẹ̀ mí pé kí n bá yín padà, kí n wá wo omi ńlá kí n tó kú. Bí mo bá kọ̀, ẹ ó máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín pé ìyá àgbà ń bẹ̀rù mọ́tò. Èmi kò bẹ̀rù mọ́tò. Mo ti wo omi náà kí bàbá yín tó dáyé, ohun tí Èkó sì gbà lọ́wọ́ mi nígbà náà, kò dá a padà títí di òní. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó ti gba ìlú, ṣùgbọ́n a kì í sábà rí wọn ní Òsì níbí. Irin rélùwéè ti dé Ọ̀fà, kò sì tíì pẹ́ tó débẹ̀. Àwọn tí a mọ̀ ni dóńgárì, àwọn ìránṣẹ́ tí ń ti ọ̀nà Ìlọrin wá. Wọ́n ń wá ọkùnrin tí yóò ru ẹrù ìjọba, tí yóò la ọ̀nà, tí yóò lọ ṣiṣẹ́ irin. Wọn kì í bẹ ènìyàn. Bí ará ìlú bá ti gbúròó wọn ní ẹnu odi, àwọn ọkùnrin á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko, obìnrin àti ọmọdé nìkan ni dóńgárì á bá nílé. Wọn á wá máa bi àwọn ìyàwó léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé, kí lorúkọ ọkọ rẹ?

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nínú ilé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ fún wọn, orúkọ tó bá ojú tó fi rí wọn mu. Àbúrò bàbá mi, eyín rẹ̀ funfun, kì í sì í pa ẹnu dé, nítorí náà Eyínfúnjowó ni yèyé mi ń pè é. Orúkọ mi ló fi ń pe bàbá mi, bàbá lágbájá. Kí wọ́n tó bí mi ńkọ́? Wọ́n ní “Ẹ gbọ́ o” ló ń pè é, pé bí bàbá mi bá wà láàárín àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí yèyé mi sì ní “Ẹ gbọ́ o”, òun nìkan ló ń gbọ́.

Bí dóńgárì bá bi yèyé mi ní orúkọ ọkọ rẹ̀, á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, á ní, “Bàbá ọmọ mi ni.” Bí wọ́n bá ní àbúrò ọkọ rẹ ńkọ́, á ní, “Eyínfúnjowó ni.” Wọn á gbó, wọn á halẹ̀, wọn á lọ. Bí bàbá mi bá toko dé tí wọ́n bá ròyìn fún un, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní obìnrin òun ju odi ìlú lọ. Gbogbo agbo ilé ló ń yìn ín. Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa pe yèyé mi ní òpè nínú ọkàn yín. Kò gọ̀. Ọgbọ́n tó ń gbà wá là nílé ló gbé lọ sí Èkó.

Eyínfúnjowó yìí ló fa ìrìn-àjò náà. Òun ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wáṣẹ́ nídìí irin, iṣẹ́ náà sì gbé e dé Èkó, ó di ará ibẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí, ó wálé lẹ́yìn ìkórè iṣu, ó dé fìlà òyìnbó, ó wọ bàtà tó ń ké. Kò sùn, kò jẹ́ ká sùn. Èkó Àrómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Iná tí ń tàn láìsí epo. Afárá tí wọ́n fi irin ṣe tó gbórí omi kọjá. Ọkọ̀ ojú omi tó ju òkè Ọ̀pin lọ. Bàbá mi ń gbọ́, ó ń mi orí, bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kó tán.

Yèyé mi ló mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Omi tí kò ní òdìkejì ló gbà á lọ́kàn jù. Òun ọmọ Ìdọ̀fin, odò tó mọ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọmọdé ń fò ó kọjá. Ó ń bi Eyínfúnjowó léraléra pé bí ènìyàn bá dúró létí rẹ̀, kí ló ń rí lọ́hùn-ún? Àbúrò bàbá mi á ní omi ni. Lẹ́yìn omi ńkọ́? Omi náà ni. Yèyé mi á sì pàtẹ́wọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bẹ bàbá mi nídìí ààrò.

“Ẹ gbọ́ o,” ó ní, “uṣu ti wọ àká, uṣẹ́ oko ti dínkù. Kí là ń jókòó ṣọ́ nínú ulé? Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ká bọ̀. Mi ò ní bèèrè nǹkan míràn lọ́wọ́ yín lọ́dún yìí.”

Bàbá mi ní kò burú. Ẹnu kékeré ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé ó fún un ní àwo ọbẹ̀. Mo ti gbọ́ “kò burú” lẹ́nu ènìyàn láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà, kò sí ìkankan tó burú tó ìyẹn.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọ̀fà. A sùn lọ́nà, ẹsẹ̀ mi wú, bàbá mi gbé mi kọ́ èjìká. Yèyé mi ru iṣu, ata gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ tí a yan, nítorí a kì í ṣe àlejò ọwọ́ òfìfo. Ó wọ aṣọ kíjìpá aláró tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, èyí tí ó ń pamọ́ fún ọdún. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èéfín wọlé sí wa lójú, ẹyin iná kékeré kan bọ́ sí etí aṣọ náà, ó jó ihò kékeré sí i. Ó fi àtàǹpàkò bo ihò náà títí a fi dé Èkó, ojú ń tì í. Gbogbo ìlú tí a bá kọjá ló ń bi Eyínfúnjowó pé, Èkó rèé? Títí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń bá a dáhùn pé rárá o, ìyá, ó kù.

Ilé àbúrò bàbá mi wà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, láàárín ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ẹ fiyè sí ilé yìí. Ìlà ilé gígùn ni, ìlà lẹ́yìn ìlà, ilẹ̀kùn kan náà, òrùlé kan náà, àwọ̀ kan náà. Nílé, bí o bá fi ojú bò mí, mo lè fi òórùn mọ agbo ilé wa. Ní ti ibí, àbúrò bàbá mi fúnra rẹ̀ ń ka ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Yèyé mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Báwo ni ọmọ àwọn wọ̀nyí ṣe ń mọ ulé bàbá rẹ̀?” A rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe nǹkan kan.

A wo Èkó o, mi ò ní parọ́. A rí iná lójú pópó tó tàn fúnra rẹ̀, bàbá mi dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí epo ń gbà. A rí ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ tí òyìnbó jókòó sínú rẹ̀. A rí ilé alájà tí wọ́n fi òdòdó amọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn tí bàbá wọn ti oko ẹrú òkè òkun bọ̀ kọ́. A dé etí òkun. Yèyé mi dúró létí omi náà. Ìgbì wá, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sá sẹ́yìn, ó tún padà lọ. Ó bu omi náà tọ́ wò, ó tu ú dànù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ó dà bí ọmọdébìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Bí mo bá fẹ́ rántí ojú rẹ̀, èyí ni mo ń rántí, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe lè gbàgbé rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tó ń yọ Eyínfúnjowó lẹ́nu. Yèyé mi kò lè kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀. Nílé, bí o bá kọjá lára obìnrin tó ju ọ lọ láìkí i, ìròyìn rẹ á ṣáájú rẹ délé. Nítorí náà, ní gbogbo òpópó Èkó, bí ó bá ti fojú kan arúgbó, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, yèyé, ẹ kú ìjókòó.” Àwọn kan á dáhùn, àwọn kan á wò ó bí ẹni wo ìran. Àbúrò bàbá mi ní, “Ìyàwó wa, ẹ dìde jàre. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ará Èkó, ilẹ̀ yóò ṣú yín síbẹ̀.” Yèyé mi dá a lóhùn pé ilé ọkọ kọ́ ni òun ti kọ́ ọ, ulé yèyé òun ni.

Lọ́jọ́ tí ó ku ọ̀la ká padà wálé, a lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń tajà tí wọ́n ń yan ẹja. Èrò pọ̀ bí eṣú. Àbúrò bàbá mi ló ṣáájú, bàbá mi tẹ̀ lé e, mo wà lórí èjìká rẹ̀, yèyé mi sì wà lẹ́yìn, nítorí obìnrin kì í bá ọkọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè láti orí omi, gbogbo èrò yí sí apá ibẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń tì wá síwájú. Nígbà tí bàbá mi fi máa bojú wẹ̀yìn, àwọn ojú tí a kò mọ̀ ló kún ẹ̀yìn wa. Mo pe yèyé mi. Bàbá mi náà pè é, ó fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé rẹ̀ ní Ìdọ̀fin pè é, ó ké e títí ohùn rẹ̀ fi há. Ariwo ọjà gbé e mì.

A wá a títí ọjà fi tú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ obìnrin aládùúgbò kan ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ sọdá afárá láti wá a ní Èkó gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Wọ́n lọ sí ilé ọba, wọ́n lọ sí ilé ọlọ́pàá, wọ́n lọ sí etí omi níbi tí wọ́n ń gbé òkú ẹni tó bá rì sí. Bàbá mi kì í jẹun. Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, á wò ó bí ẹni pé kò mọ ohun tí à ń fi ṣe.

Bàbá mi náà ló wá rántí ìkúnlẹ̀ náà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká yéé bèèrè obìnrin aláṣọ aláró, ìwọ̀nyí kún Èkó. Ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn àgbà obìnrin pé ta ni àlejò kan kúnlẹ̀ kí.” Bí wọ́n ṣe bá ìyá ẹlẹ́ja kan nìyẹn, arúgbó tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan kúnlẹ̀ kí òun nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, òun sì ń súre fún un, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹni tí òun kò mọ̀ kúnlẹ̀ fún òun mọ. Nígbà tó dìde, kò rí àwọn tí wọ́n jọ wá. Ìyá ẹlẹ́ja ló gbà á sílé. Ṣé ẹ rí i, ènìyàn dáadáa ni. Mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìyá ẹlẹ́ja ní òun bi í pé kí lorúkọ ọkọ rẹ kí àwọn fi bá a kéde. Ó ní bàbá ọmọ òun ni. Ó dárúkọ mi. Ta ló wá mọ̀ mí ní Èkó? Òun bi í pé ọ̀dọ̀ ta lẹ dé sí? Ó ní ọ̀dọ̀ Eyínfúnjowó. Òun ní kì í ṣe orúkọ ènìyàn nìyẹn, kó sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ẹnu òun pè é, ilé ọkọ òun ni. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun bẹ̀ ẹ́, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Ó kàn ń sunkún, ó ń sọ pé wọ́n á wá òun rí. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa ibi tí a dé sí ni pé ilé náà sún mọ́ irin. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi bá ìyá ẹlẹ́ja yìí, ìyá náà ti ní kí ọmọ rẹ̀ mú un sọdá afárá lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta, kó lọ wo àwọn ilé náà bóyá yóò dá èyí tó jẹ́ tiwa mọ̀.

Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ sáré padà. Èmi wà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mò ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ aládùúgbò, mo sì gbọ́ tí àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín ní ìlà ilé tó wà lẹ́yìn wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan ni. Yèyé mi ni wọ́n ń rín. Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bèèrè Eyínfúnjowó. Àwọn obìnrin náà kò ṣe é níkà. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kó jókòó, ó bu omi fún un. Wọ́n ní kó sọ orúkọ ọkùnrin náà gan-an, ó kọ̀. Ariwo náà ló mú ọlọ́pàá kan yà síbẹ̀, aláṣọ ìjọba tó dé fìlà pupa. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó bèèrè ohun tó yẹ kí ọlọ́pàá bèèrè: kí lorúkọ ọkọ rẹ, níbo ló ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti mọ ohun tí aláṣọ ìjọba ń fi orúkọ ọkọ ṣe nílé wa. Yèyé mi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bó ṣe sáré yẹn, bí ẹni tí ejò ń lé ni, ó gba àárín ilé méjì bọ́ sí ojú irin, wọn kò rí i mọ́. Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja tó mú un wá síbẹ̀ wá a, ó wá a tì, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé, oòrùn ti wà lágbede méjì ọ̀run, àwọn obìnrin náà ṣì ń sọ ọ́, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. Obìnrin tó bu omi fún un ló sọ pé, kó tó di pé ọlọ́pàá dé, yèyé mi nawọ́ sí irin, ó sì bèèrè bóyá èyí ló lọ sí Ọ̀fà. Obìnrin náà ní òun dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní yèyé mi ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó ti pinnu láti fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó rò pé bí òun bá ti tẹ̀ lé irin náà, kò sí bí òun kò ṣe ní í dé Ọ̀fà, láti Ọ̀fà òun á mọ̀nà ulé. Obìnrin tí kò ní oúnjẹ lọ́wọ́, tí kò mọ bí ilẹ̀ yẹn ti gùn tó, nítorí inú ọkọ̀ ló ti rí i. Bàbá mi kò tiẹ̀ wọlé. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ mú mi wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì kó mú mi délé, òun náà bọ́ sí ojú irin, ó ń lọ. Mo ké tẹ̀ lé e. Ó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ọmọ mi, mò ń lọ mú yèyé ẹ bọ̀,” ó sì ń lọ.

Èmi àti àbúrò bàbá mi wọkọ̀. Mo yọrí lójú fèrèsé láti Èkó dé Ọ̀fà, èéfín wọ̀ mí lójú, wọn kò lè fà mí wọlé. Gbogbo obìnrin tí mo bá rí létí irin, mo ń pè é. A rí bàbá mi níbì kan, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ lè kọjá. Kò gbójú sókè wò wá. Igbó ni ó ń wò.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí. Ó pàdé ọkùnrin kan lára àwọn tó ń tún irin ṣe, kó tó dé Abẹ́òkúta. Ọkùnrin náà ní òun rí obìnrin aláṣọ aláró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Òun bi í níbi tó ń lọ, ó ní Òsì. Òun kò mọ Òsì. Òun wá bi í pé ìyàwó ta ni, kí òun lè ránṣẹ́ síwájú. Obìnrin náà wò ó, ó wo aṣọ iṣẹ́ ìjọba lára rẹ̀, ó dúpẹ́, ó kúrò lójú irin, ó wọnú igbó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó rí yèyé mi mọ́. Bàbá mi rìn dé Ọ̀fà, ó yí padà, ó tún rìn ín. Ó ń wọ abúlé, ó ń wọ oko olóko. Ìgbà tó fi wálé, a ti ń kọ ebè tuntun, irun rẹ̀ sì ti funfun níwájú.

Àwọn ará Ìdọ̀fin wá. Wọn kò wá jà; ká ní wọ́n jà, ìbá tún sàn. Bàbá yèyé mi jókòó sórí ẹní, ó ní, “Àna mi, bí ọmọ mi bá kú, kó irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá fún mi, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sájò, kí n lè sin ín.” Bàbá mi ní òun kò ní. “Ṣé ó wà láàyè nígbà náà?” Bàbá mi ní òun kò mọ̀. Bàbá yèyé mi wá sọ ohun tí àgbà máa ń sọ, pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ó dìde, ó lọ, kò mu omi tí a gbé fún un. Wọn kò sin yèyé mi, wọn kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọn kò sin, a kì í ké fún un. Mo ń ké nínú oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní bi mí pé ta ló kú.

Bàbá mi kò yìn ọgbọ́n ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àwọn ọkùnrin bá ń fi ẹ̀rín sọ bí ìyàwó àwọn ṣe tan dóńgárì jẹ, á dìde kúrò láàárín wọn. Ó fẹ́ ìyàwó míràn nígbà tó yá, torí ilé ò ṣe é dá gbé. Ó pe ìyàwó náà jókòó, ó ní kó máa pe òun lórúkọ. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó rò pé ọkọ òun ń lé òun. Kò pè é títí bàbá mi fi kú. Àfáà wa ní kádàrá ni. Mo ṣe àmín, nítorí ẹnu àfáà ló ti jáde. Inú mi kò ṣe é.

Ayé ti yí padà lónìí. Mọ́tò ń gbéra ní Òsì láàárọ̀, ó ń dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ń kéde ẹni tó sọnù lórí rédíò, gbogbo ayé á gbọ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ àti ti bàbá ọkọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ń pe ọkọ wọn lórúkọ báyìí, wọ́n ń pè é lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè é nídìí ààrò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bínú, wọ́n ní àṣà ti bàjẹ́. Ó bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá yín wọ ilé yìí, tó kúnlẹ̀ bi mí pé kí ni kí òun máa pe àwọn ọkọ òun, mo kó gbogbo ilé jọ, àgbà àti èwe, mo ní kí olúkúlùkù sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kí ìyá yín sì pè é tẹ̀ lé wọn. Àwọn obìnrin ilé ní mo ti sọ ìyàwó di ọkùnrin.

Mo ti dàgbà ju yèyé mi lọ báyìí, ó ti pẹ́ tí mo ti dàgbà jù ú lọ. Bí mo bá kú, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbẹ́ fún mi, ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ sórí mi. Ní ti yèyé mi, mi ò mọ ilẹ̀ tó gbà á. Àánú Ọlọ́run pọ̀, ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ kan rí i létí oko rẹ̀, tó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sin ín, onítọ̀hún kò mọ ìyàwó ta ni òun sin.